Aago Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ ẹ́ tán ná kó tó ka èyí. Ọ̀rọ̀ ìríra ni. Lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ní kí n má bò ó, kí n má gbè é, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀ṣọ́ ni obìnrin náà níbi púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó jókòó sórí àga gíga, kó máa wo àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, kó sì bẹ́ sómi bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rì. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹja. Ọkọ ẹ̀ náà, ẹ̀ṣọ́ ni níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti rí ara wọn, wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo nílé ìyá ọkọ.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí kò ṣeé tẹ̀ lójú. Bí ẹ̀ṣọ́ bá fẹ́ gun àga, kó kọ́kọ́ ti fóònù ẹ̀ mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú tó ń wo fóònù ò lè máa wo omi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn, obìnrin àgbà kan tí kì í fẹ́ ariwo, ń wá bí á ṣe máa pe wọ́n láti ọ́fíìsì láì fọn fèrè. Ló bá ní kí kálukú lọ mú nǹkan kan tí á máa wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, tí á máa gbọ̀n bí òun bá ti pè é. Iléeṣẹ́ á san owó báńdì ọwọ́ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ju ìyẹn lọ, kó fi tiẹ̀ kún un.

Tọkọtaya náà jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Báńdì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Àǹtí Ẹja mú. Kò rẹwà rárá. Ó ń ka ìgbésẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń gbọ̀n, ó tán. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹ lè wọ̀ ọ́ wẹ̀, ẹ lè wọ̀ ọ́ sùn sísàlẹ̀ omi, kò sóhun tó máa ṣe é."

Ọkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ bojú wo apá ibẹ̀. Aago ńlá kan tó ń tàn yanran ló tẹjú mọ́. Aago yẹn ń gba ìpè, ó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó ń fi àwòrán hàn. Irin ni ọ̀já ẹ̀, ìkọ́ méjì ló sì ní.

"Èyí dáa o," ni ẹni tó ń tà á wí, "ṣùgbọ́n omi ò gbọdọ̀ kàn án. Òjò pàápàá, ẹ bò ó."

Àǹtí Ẹja rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Dádì, ẹ ò gbọ́ ni? Omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ púùlù!"

"Kí ló kàn mí kan omi?" ni ọkọ dáhùn. "Ṣé èmi ni mò ń rì ni? Orí àga ni mò ń jókòó sí. Ẹ̀ṣọ́ tó bá mọṣẹ́ kì í bẹ́ sómi, fèrè ló ń fọn."

"Bí ẹni tó ń rì ò bá gbọ́ fèrè ńkọ́?"

"Má fi ojú òṣì wò mí, jọ̀ọ́. Fóònù ni wọ́n ní ká má mú gun àga. Ta ló dárúkọ aago?"

Ẹ ò rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Ó san owó, ó de nǹkan mọ́wọ́, ó ń yan lójú títì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ó yẹ kí ìyàwó ẹ̀ ti bínú níjọ́ náà. Ẹ̀rín ló rín. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹni tó bá sì fẹ́ràn èèyàn kì í tètè rí èérí lára ẹ̀.

Kò pẹ́ tí aago fi di ọba nínú yàrá wọn. Ọkọ ò fọ abọ́ mọ́, nítorí aago. Kò wẹ ọmọ mọ́, nítorí aago. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i lára, á na ọwọ́ òsì sókè gangan, á figbe ta: "Ẹ wá gbé e o, kó má tọ̀ sí mi láago!"

Níbi iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó rímú mí. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ọ́ ní Má-ta-omi-sí-mi. Bó bá ti ń gba etí púùlù kọjá, àwọn ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ lómi á pariwo: "Má-ta-omi-sí-mi ń bọ̀ o!" Òun náà á gbé ọwọ́ òsì mọ́yà, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gan-an máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ṣọ́ púùlù tó ń sá fómi, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe, kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́.

"Kí lẹ̀ ń wò nínú nǹkan yẹn lórí àga?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Agogo tó lù."

"Agogo tó lù ló ń pa yín lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń fi ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́. Kí ló dé? Ṣé èmi lo fẹ́ máa ṣọ́ ni, àbí omi?"

Ó dákẹ́. Àwa obìnrin mọ dídákẹ́ ṣe, bí ẹni pé wọ́n ń fún wa ní ẹ̀bùn nídìí ẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi, púùlù kún dẹ́múdẹ́mú. Ọkọ ló wà lórí àga níhà àwọn ọmọdé. Ìyàwó wà nínú omi ní òdìkejì, ó ń kọ́ àwọn obìnrin àgbà kan ní bí wọ́n ṣe ń léfòó. "Ẹ tú ara sílẹ̀, mà. Ẹ má lejú mọ́ omi, kò bá yín jà."

Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń ṣe ohunkóhun, iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kó máa gbójú sókè lóòrèkóòrè, kó fi gbá omi láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àǹtí Ẹja gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó dé fìlà rọ́bà pupa. Orí ọmọ náà lọ sílẹ̀, ó yọ, ó tún lọ. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ohùn ò jáde. Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń retí ariwo, ẹ yé retí ẹ̀.

Ó wo orí àga, ó rí ọkọ ẹ̀ tó ti dìde dúró. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ọkùnrin náà ti rí ọmọ, ó ń wò ó kòrókòró, ó kù kó bẹ́ sómi.

Kò bẹ́. Ó doríkodò, ó ń tú aago.

Ó ń tú aago, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìkọ́ kìíní ṣí, ìkejì há. Ó fi eyín fà á. Ó wo omi, ó wo aago, ó tún fi eyín fà á. Ọmọ náà na ọwọ́ sí i. Ó rí ọwọ́ náà. Ó tún fi eyín fà á. Ọmọ lọ sísàlẹ̀, kò yọ mọ́.

Àǹtí Ẹja ò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ obìnrin àgbà sílẹ̀. Ó la púùlù já, ó rì lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ba aṣọ, ó fà á, ó gbé ọmọ jáde sórí ilẹ̀. Ọmọ ò mí. Ètè ẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ó tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àfi gbuuru tí ọmọ bì! Omi, búrẹ́dì àárọ̀, itọ́, gbogbo ẹ̀ tú sí Àǹtí Ẹja láyà, ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, nǹkan kan ò tíì dùn mọ́ òun bí èébì yẹn.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ "jabú!" lẹ́yìn ẹ̀.

Má-ta-omi-sí-mi ti rí aago tú. Ó ti kì í bọ inú bàtà. Ó wáá bẹ́ síbi tí omi ò kọjá ìbàdí, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyàwó ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Gbé e fún mi," ó wí. "Sáré lọ pe dókítà."

Ó gbé e fún un. Kí ni ì bá ṣe? Ọkọ ẹ̀ ni, ẹ̀ṣọ́ ni, ọmọ sì ń fẹ́ dókítà. Ó ṣan ẹnu àti àyà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sáré lọ sídìí tẹlifóònù. Nígbà tó fi máa padà, èrò ti pé bò wọ́n. Ìyá ọmọ, aránṣọ kan tó ti jáde lọ ra ìpápánu, ti dé. Ọ̀gá ti dé. Eré ò jẹ́ kí àwọn tó wà lómi mọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀; ọkùnrin tó rin gbingbin tó gbé ọmọ mọ́yà ni gbogbo wọn bá níbẹ̀. Àwọn obìnrin àgbà ní tiwọn di ògiri púùlù mú, wọ́n ń ráhùn pé tíṣà àwọn fi àwọn sílẹ̀ lójijì.

"Ta ló yọ ọ́?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Mo bẹ́ sómi bí mo ṣe wà, mà," ni ọkọ wí. "Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́."

Ìyá ọmọ wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun o! Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ láé!"

"Ta ló wà lórí àga nígbà yẹn?" ni ọ̀gá tún bèèrè.

Ọkọ wo ìyàwó ẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n máa ń gba àga fún ara wọn láì sọ fẹ́nì kankan, nítorí náà ọ̀gá ò lè mọ̀. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n wá rí òun lọ́la.

Nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹja mi, bò mí láṣìírí."

"Mo rí yín. Aago lẹ̀ ń tú."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ọwọ́ mi ló kàn ń ṣe é fúnra ẹ̀."

"Ẹ fi eyín fà á!"

"Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé mi, kò sì sí púùlù tó máa gbà mí mọ́ láyé. Tìẹ yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹ. Bó o bá ní ìwọ lo wà lórí àga, pé o sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin yẹn, wọ́n á kàn bá ẹ wí ni."

Ọkùnrin náà rí i pé ẹ̀bẹ̀ ò ran ọ̀rọ̀ náà. Ó mú ìjẹ jáde.

"Olórí ẹ̀ṣọ́ ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó yọ ọmọ lómi ni wọ́n máa fi síbẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn púùlù tẹ̀ lé ipò yẹn. Yàrá méjì, Ẹja mi! Ilé ìdáná tìẹ. Màmá mi ò ní máa ṣí ìkòkò ẹ wò mọ́."

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti gbé ilé ìyá ọkọ rí, mi ò ní ṣàlàyé fún yín. Obìnrin yìí ti ń dáná lójú ẹlòmíì láti ìgbà tó ti wọlé. Kò tíì sùn lálẹ́ ọjọ́ kan rí láì gbọ́ ikọ́ ìyá ọkọ lára ògiri. Ó rò ó: ọmọ kúkú yè. Ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ta ni irọ́ náà máa pa?

"Ọkọ mi ni yín," ó wí níkẹyìn. "Ojú tó bá tì yín, èmi ló tì."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú ọ̀gá, ó sì fi ẹnu ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́.

"Ìwọ? Ìwọ lo fi àga sílẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹja tí mo mọ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, mà."

Ọ̀gá wò ó títí. "Bọ́ fèrè ọrùn ẹ sílẹ̀," ó wí. Kò lé e. Ó ní kó lọ máa fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má gun àga mọ́, kó má kọ́ ẹnì kankan ní ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ títí òun á fi mọ ohun tóun máa ṣe.

Ṣé ẹ ti rí ohun tó máa ń há sínú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde? Irun orí àti irun ibòmíràn tó ti lọ́ mọ́ra. Báńdéèjì tó ti wú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èékánná. Àǹtí Ẹja ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ó ń fà á jáde ní ìdì ìdì. Ó ní òun ò kọ iṣẹ́ náà, nǹkan tó dọ̀tí ló yẹ ẹnu tó dọ̀tí.

Níbẹ̀ ni aránṣọ náà wá bá a.

"Ìwọ náà ń pe ara ẹ ní abiyamọ? Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ń kú lọ, ò ń tàkúrọ̀sọ! Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ ẹ! Ṣíọ̀!" Ó tutọ́ síwájú ẹ̀, ó lọ. Àǹtí Ẹja fi búrọ́ọ̀ṣì fọ itọ́ náà kúrò nílẹ̀.

Ọkọ ńkọ́? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lè wo ojú ìyàwó ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ń wò ó. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti gba irọ́ ara ẹ̀ gbọ́. Wọ́n lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ géètì púùlù. Aránṣọ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aago ẹ̀, ó ń gba ìkíni káàkiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n Àǹtí Ẹja ọkùnrin wá kí wọn. Ìyá ọkọ jókòó, ẹ̀gbọ́n jókòó, Àǹtí Ẹja ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Mo rì lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Mo gbé ọmọ jáde, mo tẹ̀ ẹ́ láyà. Ó bì sí mi lára! Ó wọ̀ mí lẹ́nu! Mi ò tiẹ̀ bìkítà."

Àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Ẹ wo olè! Ó jí iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò tó o. Ó tún jí èébì tó dà sí i láyà.

"Ọlọ́run ló ní kí n wà níbẹ̀," ó tún ń bá a lọ. "Ẹ̀wọ̀n ni àbúrò yín ì bá wà báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti bá a wí. Mo ti dárí jì í."

Ó ti dárí jì í! Ẹ bá mi gbé omi, kí n fi ṣan ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mi orí tìtì. "Àbúrò, o ò ṣe é re o," ó wí. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ."

"Mo dúpẹ́," ni Àǹtí Ẹja wí. Ìyá ọkọ ní kò sọ ọ́ sókè tó.

Láti ọjọ́ náà, ara ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára. Bó bá fi eyín fa ẹran, ó di dandan kí ìyàwó yíjú. Bó bá fọwọ́ kàn án, á fẹ́ lọ wẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, eyín yẹn ló ń rí, eyín tó ń fa ọ̀já aago nígbà tí ọmọ ń kú lọ. Kò lè jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú ẹ̀ mọ́.

Ẹ máa bi mí pé, kí ló wáá dé tí kò sọ̀rọ̀? Èmi náà bi í. Ó ní wọ́n ti mú òun lọ wo yàrá méjì náà. Ó ní òun ti mọ fèrèsé tí kọ́tìnnì aláwọ̀ ewéko máa wà. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ ẹ̀ ṣe olórí ẹ̀ṣọ́, wọ́n to àga sétí púùlù. Àwọn òṣìṣẹ́ pé, àwọn òbí pé. Àǹtí Ẹja wà nídìí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣan ẹsẹ̀, pẹ̀lú báàkẹ́tì omi àti búrọ́ọ̀ṣì, nítorí ilẹ̀ ò lè fọ ara ẹ̀.

Ọkọ dìde sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo rí ọmọ yẹn, mi ò ro ti bàtà, mi ò ro ti aago ọwọ́ mi, mi ò ro ti ara mi! Mo bẹ́ bí mo ṣe wà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Aránṣọ bọ́ síwájú, ó fa ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀," ó wí. "Látìgbà yẹn, ọmọ yìí ò jẹ́ kí omi kan òun. Omi ìwẹ̀ inú báàkẹ́tì lásán, igbe ni. Mo rò pé, bí ẹni tó yọ ọ́ bá lè mú un wọ inú omi padà, díẹ̀ báyìí, ẹ̀rù á kúrò lára ẹ̀. Ọkàn mi ò lè balẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíì. Ọwọ́ tiẹ̀ nìkan ló lè fi mí lọ́kàn balẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Olórí ẹ̀ṣọ́, ó yá."

Ìyá mú ọwọ́ ọmọ, ó fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Àǹtí Ẹja ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ gun òkè ọ̀fun ẹ̀, ó rántí yàrá méjì, ó gbé e mì.

Ọkùnrin náà bọ́ sétí omi. Ó jọ̀wọ́ ọmọ díẹ̀, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aago.

Ọmọ náà figbe bọnu, irú igbe tí kò rí ké lọ́jọ́ tó ń rì. "Màmá! Òun ni! Òun ló ń wo ọwọ́ ẹ̀! Mo na ọwọ́ sí i, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀!"

Gbogbo èrò yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ọmọdé," ni ọkọ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló ń bà á, kò mọ ohun tó ń sọ." Ó na ọwọ́, ó fẹ́ fa ọmọ mọ́ra.

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Ẹja. "Má fọwọ́ kan ọmọ yẹn!"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, "ẹ" ló fi ń bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mọ ìgbà tí "ẹ" bọ́ sọnù.

"Má fi ọwọ́ ẹ kàn án. Aago lò ń tú nígbà tó ń rì. Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ló bì sí lára. Mi ò sí lórí àga níjọ́ yẹn, ọ̀gá, òun ló wà níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Ìlara ni!" ni ọkọ kígbe. "Ẹ wo ìyàwó mi! Nítorí wọ́n ní kó máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orí ẹ̀ ti dàrú. Ẹ má dá a lóhùn!"

Ọ̀gá ò wo ìyàwó, ọkọ ló ń wò. "O ní o bẹ́ bó o ṣe wà. Pẹ̀lú aago."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Aago tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí?"

"Òun náà ni, mà."

Ọ̀gá gbé báàkẹ́tì Àǹtí Ẹja, ó gbé e síwájú ẹ̀. "Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Báàkẹ́tì omi lásán ni o. Kò sí iná nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà wo omi, ó wo èrò. Ó ní òun máa tì í bọ̀ ọ́, ọwọ́ ò gbọ́. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti báàkẹ́tì díẹ̀, omi ta wàá. Kíá, Má-ta-omi-sí-mi ti gbé ọwọ́ òsì mọ́yà, ó ti fò sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Háà, ìríra!" Ẹlòmíì pòṣé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn, bí ẹni pé ó lè ràn wọ́n. Ọ̀gá na ọwọ́ sí géètì, ọkùnrin náà gba ibẹ̀ jáde. Ó ń nu aago ẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀gá wáá kọjú sí ìyàwó. "Ìwọ náà, kó ẹrù ẹ. Ẹni tí ẹ̀rù omi bà, mo lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá pa irọ́ nípa omi, mi ò lè gbé ọmọ aráyé síwájú ẹ̀."

"Mo gbọ́, mà."

Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ti lọ, yàrá méjì ti lọ, ọkọ náà ti lọ nínú ọkàn ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n má fi èyí pa mọ́: òun ń retí pé aránṣọ yẹn á wá di mọ́ òun.

Aránṣọ náà wá lóòótọ́. Ọmọ wà ní èjìká ẹ̀, ó ti sunkún títí ó ti sùn.

"Ṣé ìwọ lo yọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"O rí ọkọ ẹ tó ń tú aago?"

"Mo rí i, mà."

"Mo mú ọwọ́ ọmọ mi nísinsìnyí, mo fi lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, kó mú un wọ inú omi. Ibo lo wà?"

Àǹtí Ẹja nawọ́ sí ibi ìṣanṣẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni, mà."

"Ò ń wò wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ti gbára dì fún ariwo, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò pariwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́, kí ọmọ má bàa jí.

"Ti ọkọ ẹ yé mi. Ojo ni, ó fẹ́ràn nǹkan ẹ̀. Ìwọ lo gbé ọmọ mi lọ́wọ́ nígbà tí kò mí mọ́. Ìwọ nìkan lo mọ bó ṣe rí. O wáá dúró, ò ń wo èmi ìyá ẹ̀, tí mò ń fà á lé e lọ́wọ́ padà."

Ó tún ọmọ gbé sí èjìká, ó sì gba ọ̀nà géètì lọ. Àǹtí Ẹja mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ó lọ kó ẹrù ẹ̀.